Agolo Inú Igbó Skọ́tílándì

Kò sí agolo tí òyìnbó lè fi pamọ́ sígbó Skọ́tílándì yìí tí èmi Akínbọ̀dé kò ní rí! Eré ìwákiri ni: wọ́n á fi agolo pamọ́, fóònù á júwe ibẹ̀.

Fóònù ní orí ẹ̀ gan-an ni mo dúró sí. Irọ́ ńlá! Inú ń bí mi, ilẹ̀ ń ṣú. Wúràọlá ìyàwó mi, tó dúró tì mí, ti ní bí n kò bá rí i lónìí, eré parí.

Mo ki ọwọ́ bọ ihò kékeré kan nídìí igi. Inú rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Mo yáa fa ọwọ́ yọ. Ọwọ́ mìíràn tẹ̀ lé e jáde, ó na agolo sí mi. Ọwọ́ òsì!

Mo jágbe: “Aláìlẹ́kọ̀ọ́! Òsì lo fi ń fún àgbà ní nǹkan?”

Ó wọlé padà jẹ́ẹ́jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún yọ.

Wúràọlá ní: “Bàbá Ìbùkún, ó ti fi ọ̀tún fún yín. Ẹ gbà á, òtútù ń mú mi.”