Ìborùn Dúdú Súlìyát

Àbùmọ́ ni ó ba ayé Súlìyát jẹ́. Ìyàwó Bẹ̀llò ni, Bẹ̀llò sì ni ọmọ àbúrò mi tí ó ń ta táyà ní Onitsha. Bí òjò bá pa Súlìyát, á ní odò Ọya ló fẹ́ gbé òun lọ. Bí ọmọ rẹ̀ bá wúkọ́, á ní díẹ̀ ló kù kí ó gbẹ́mìí mì.

Nínú ìdílé wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ òkú ṣeré. Ìsẹ́yìn ni orírun wa. Bí a bá ń ṣe sàárà ọdọọdún fún àwọn tó ti lọ, èmi ni mo máa ń pe orúkọ wọn láìwo ìwé. Orúkọ alààyè kankan kò gbọdọ̀ ṣèèṣì bọ́ sí àárín wọn. Gbogbo ìyàwó ilé wa ló mọ èyí kí wọ́n tó mọ ibi tí a ń fi ìgbálẹ̀ sí.

Ọmọ́lábákẹ́, ọmọ ìlú wa tí ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti ran àwọn ìyá tí kò rí jẹ lọ́wọ́. Wọ́n ń fi mílíìkì àti aṣọ ọmọ ránṣẹ́ sí Awada, àdúgbò Súlìyát ní Onitsha, Súlìyát ni ó sì ń bá wọn pín in. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wá àwọn tí ìyà ń jẹ, kí ó ya fídíò wọn, kí àwọn ará òkè òkun lè mọ ẹni tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Àwọn ìyá wá ń kúnlẹ̀ kí i lójú pópó, ó sì ń gbádùn rẹ̀.

Zàhrát, ìyá ìbejì, ń gbé nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé Súlìyát. Yúnúsà ọkọ rẹ̀, ọmọ agboolé wa kan náà, ni ẹrù já lù ní èbúté odò. Apá rẹ̀ kán, kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ọmú Zàhrát kò tó ọmọ méjì. Kẹ́hìndé ti rù débi pé egungun ìhà rẹ̀ hàn síta. Zàhrát bá lọ sọ́dọ̀ Súlìyát.

“Àǹtí, mílíìkì nìkan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín fún.”

“Màá bá ẹ wá a. Ṣùgbọ́n ọkọ tí apá rẹ̀ kán kò lè pa òyìnbó lẹ́kún. A ó sọ pé ó ti kú.”

“Ha! Àǹtí, Yúnúsà ló ń sùn nínú yàrá yẹn!”

“Kó máa sùn. Ṣé wọ́n máa gbọ́ híhanrun rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ni?”

Ó ṣí ìborùn dúdú orí ara rẹ̀, ó fi bo Zàhrát bí obìnrin tó wà nínú tákàbà, opó tí ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ. Ìyá Ifeoma, aládùúgbò wọn tí ń fọṣọ nítòsí, pariwo pé, “Madam, the man dey inside dey snore o!” Súlìyát kàn rẹ́rìn-ín ni, ó sì gbé fóònù sókè láti ya fídíò. Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Zàhrát wo ọmọ náà, ó wo fóònù, ó sì sọ ọ́: “Èmi Zàhrát, ìyàwó Yúnúsà ọmọ Ìsẹ́yìn. Ọkọ mi ti kú.”

Ọmọ́lábákẹ́ sunkún nígbà tí ó rí fídíò náà. Inú rere ló fi fi í ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìsẹ́yìn lórí Wọ́sáàpù, kí ilé náà lè ran opó wọn lọ́wọ́. Ẹnìkan gbé fóònù lọ bá ìyá Yúnúsà. Ó rí ìyàwó ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ dúdú. Ó rí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.

Wọ́n ń múra láti kírun òkú fún Yúnúsà nígbà tí ìpè Yúnúsà fúnra rẹ̀ wọlé, nítorí ọ̀rẹ́ kan ti sọ ohun tó wà nínú fídíò fún un.

“Mo wà láàyè! Ẹ fún màámi ní fóònù kó gbọ́ ohùn mi.”

Ará ilé tó gbé ìpè náà bú sẹ́kún. “Yúnúsà, màmá ṣubú nígbà tí wọ́n rí fídíò yẹn. Wọn ò dìde mọ́.”

Yúnúsà kò lu Zàhrát. Kò kàn bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ni.

Ọmọ́lábákẹ́ pe Súlìyát. “Ta ló bèèrè òkú lọ́wọ́ ẹ? Apá tó kán yẹn ti tó fún mi láti ràn wọ́n lọ́wọ́.” Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ní Awada gbọ́ mọ́. Mílíìkì dáwọ́ dúró, ti ẹni tó purọ́ àti ti ẹni tí kò purọ́. Ìyá Ifeoma ló ń po akamu, ìyẹn ògì, fún Kẹ́hìndé títí ara rẹ̀ fi mókun.

Ọdún yípo. Bẹ̀llò ṣubú láàárín táyà rẹ̀, kò jí mọ́. Súlìyát fi igbe pe Abdulwasiu, ẹ̀gbọ́n Bẹ̀llò, ní Ìsẹ́yìn.

“Bẹ̀llò kú? Ṣé ikú inú fóònù ni, àbí ikú tòótọ́?”

“Ikú tòótọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!”

“Ìyá Yúnúsà náà gbà ọ́ gbọ́.” Ó pa fóònù.

A kì í jẹ́ kí òkú Mùsùlùmí pẹ́ nílẹ̀. Kí èmi tó dé láti Benin níbi tí mo ń gbé, kí àwọn ará Ìsẹ́yìn tó gbọ́ ohùn mi kí wọ́n sì gbà pé òótọ́ ni, àwọn Mùsùlùmí Onitsha ti bo sàréè. Kò sí ọmọ ìyá Bẹ̀llò kan tí ó bu yẹ̀pẹ̀ sí i.

Súlìyát jókòó ti tákàbà nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kò yà sí. Zàhrát nìkan ló wọlé. Ó gbé ìborùn dúdú lé e lórí itan.

“Àǹtí, ìborùn yín rèé. Mo ti fọ̀ ọ́.”

Kò jókòó.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ nìyí. Ẹ máa ṣàánú àwọn ìyá tí ìyà ń jẹ, nílé àti lẹ́yìn odi. Ẹ má torí Súlìyát fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń sọ ìyà ẹlòmíràn fún aláàánú, ẹ sọ ọ́ bí ó ṣe rí, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ẹni tí ebi ń pa kò lè kọ irọ́ tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, nítorí náà ọrùn yín ni ẹ̀ṣẹ̀ irọ́ náà wà. Ẹni tó bá sì fi ikú purọ́ lónìí, bí ikú bá dé ilé rẹ̀ lọ́la, òun nìkan ni yóò sun ẹkún rẹ̀.