Kọ̀ǹpútà Tí Kò Pariwo

Ọkọ náà ń yí nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn mọ́ kọ̀ǹpútà géèmù tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò nígbà tí ìyàwó rẹ̀ yọjú.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ dákun, mo ní ọ̀rọ̀ láti bá yín sọ.”

“Ìwọ? Ọ̀rọ̀ wo lo mọ̀ ọ́n sọ? Ìjẹta o ní kí n ra káàdì àlòkù tó ń gbé àwòrán géèmù jáde, kí n fi owó tó bá kù ra fáànù tí kì í pariwo. Ta ló bi ẹ́? Ẹni tí fóònù lásán ń dà láàmú!”

Obìnrin náà padà sí pálọ̀. Káàdì àlòkù ọ̀hún àti fáànù náà ló wà nínú ẹ̀rọ náà, àmọ́ ọkọ ti gbà pé orí òun ni èrò náà ti wá.

Ó fi gbohùn-sétí bo etí méjèèjì bó ti máa ń ṣe, ó sì tan kọ̀ǹpútà. Ó wá ṣí etí kan láti gbọ́ bóyá ó ń pariwo bíi kọ̀ǹpútà tó ń lò tẹ́lẹ̀. Ó pa lọ́lọ́.

“Àwọn òpè ò lè to irú èyí láé!” ló wí, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ti gbọ́ ohùn ìyá tó bí i, tó ń jáde nínú fóònù ìyàwó rẹ̀ ní pálọ̀.

“Kó ẹrù ẹ, ìyàwó mi. Yàrá ti wà nílẹ̀ fún ìwọ àtọmọ. Èmi ni mo bí i, mo mọ ohun tí mo bí. Àbí ó ń gbọ́ wa?”

“Rárá o, Màmá. Ó ti bo etí.”

Ìyá pòṣé. “Bí kò tiẹ̀ bò ó, ìgbà wo ló gbọ́ rí?”