Ọwọ́ Dora Kò Ká Èyí Tó Wúwo

Desmond, tó ń ta ohun èlò orin l'Ókìtìpupa, ń gbé kíbọ́ọ̀dù méjì síwájú mi.

"Bàbá, bọ́tìnnì èyí wúwo bíi ti pìánò. Ti èkejì fúyẹ́. Bí ìka bá kàn án báyìí, ó ti dún."

"Fún mi ní èyí tó fúyẹ́."

Àpótí tó ń mú ohùn fèrè àti fáólìnì jáde ti wà nílé. Kíbọ́ọ̀dù mìíràn tí yóò máa darí rẹ̀ ni mo wá rà. Mo kàn fẹ́ tún gbọ́ orin lọ́wọ́ Dora, ọmọ mi.

Desmond ń rẹ́rìn-ín.

"Dora tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì yín n'Ígbótako? Ó máa bá yín jà o! Èyí tó wúwo ló fẹ́ràn."

"Ìyẹn ló wà nílé. Ọwọ́ rẹ̀ kò ká a mọ́."

"Àìsàn yẹn ṣì ń bá a jà ni?"

"Kò síbi tó ń dùn ún mọ́."

"Ọpẹ́ o! Ẹ jẹ́ kó wá dán an wò fúnra rẹ̀."

Mo ní kó bá mi dì í.

Nílé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo so wáyà rẹ̀ mọ́ àpótí, mo jókòó jìnnà sí i.

Láti ìgbà tí a ti sin Dora sábẹ́ fèrèsé yìí, bọ́tìnnì wíwúwo ti kíbọ́ọ̀dù àtijọ́ máa ń rì díẹ̀ nírọ̀lẹ́, láì dún.

Oòrùn ń wọ̀. Bọ́tìnnì tuntun kan rì.

Ó dún.

Mo dìde dúró, bí a ti máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì bí Dora bá ti bẹ̀rẹ̀ orin.