Ìyàwó Tí Kò Mọ Ọbẹ̀ Sè

Ní agogo méjìlá ọ̀sán ni ìyàwó ọmọ ìyá àgbà kan wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Aṣọ oorun ṣì wà lọ́rùn ìyá náà, nítorí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kò ní ibi tó ń sáré lọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe olórí alásè ní ilé ìwé kan tí àwọn ọmọ ń gbé inú ọgbà rẹ̀, ìkòkò rẹ̀ kò sì mọ oúnjẹ ẹnì kan. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tíì àti bisikíìtì ti tó o. Ta ló máa ń torí ẹnu kan ṣoṣo dáná?

"Ìyá, ọkọ mi ò jẹun mọ́," ni ìyàwó náà, tó jẹ́ aránṣọ, wí. "Kì í sùn, kì í sọ̀rọ̀. Dókítà ní àìjẹun dáadáa ló ń ba ọkàn ẹ̀ jẹ́. Èmi ò mọ ohun tí mo tún lè sè mọ́."

Ìyá náà wò ó títí. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ pọ̀, àmọ́ ó kàn dìde, ó wá àpò rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní. Ó ti sin ọkọ, kò sì ní í sin ọmọ.

Nígbà tí wọ́n dé ilé àwọn tọkọtìyàwó náà, ó ṣí ìkòkò tó wà lórí iná, ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ibẹ̀ tó odindi àdúgbò jẹ, ìdí ìkòkò sì ti jóná.

"Ta ló kọ́ ẹ ní ọbẹ̀ sísè? Ṣé ọ̀tá ọkọ ẹ ni?"

Ìyàwó náà dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá náà yọ ṣùtì. Ẹkún kì í yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀.

Ọmọ rẹ̀, káfíńtà, jókòó sí kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. Kò rù. Ìyá náà ní wíwú ni, pé oúnjẹ burúkú ló wú u. Ó se ẹ̀wà, ó gbé àwo kan síwájú rẹ̀.

"Màmá, bí ẹ̀yin ò bá jẹ, èmi náà ò ní í jẹ."

Oúnjẹ kò wu ìyá náà, àmọ́ abiyamọ kì í wo ọmọ níran. Ó bu ṣíbí kan, ọmọ bu kan. Ó bu èkejì, ọmọ bu èkejì. Báyìí ni wọ́n ṣe jẹ àwo náà tán.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ rí dókítà. Ọmọdé ni lójú ìyá náà, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún. Ó ní inú tí kò rí oúnjẹ gidi kì í jẹ́ kí ọpọlọ sinmi. Ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso ni kí wọ́n máa jẹ, kí wọ́n má fi ìpápánu dípò oúnjẹ mọ́. Ìyá náà wo ìyàwó láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé etí ẹ gbọ́?"

Dókítà ní gbogbo ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà gbọ́dọ̀ gun ìwọ̀n. Ó tún bi ìyá náà bóyá òun náà ń sùn.

"Ṣé torí oorun tèmi la ṣe wá ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ilé ọmọ rẹ̀ ni ìyá náà ń gbé, aago márùn-ún àárọ̀ kì í sì í bá a lórí ibùsùn. Ó ń lọ yan ẹja fúnra rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, ó sì ń fi ojú tín-ín-rín wo gbogbo ohun tí ìyàwó bá fọwọ́ kàn.

"Ọkọ ẹ ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń gé àlùbọ́sà ni? Eléyìí tóbi tó pákó."

Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò kan na ọrùn lórí ògiri. "Ìyàwó, ìgbà wo lo tún máa bu ọbẹ̀ ẹja yẹn fún wa?" Ìyàwó fi ìka dí ètè. Ìyá náà pòṣé.

"Wọ́n ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ò tiẹ̀ mọ̀."

Ohun kan ló ń já a láyà. Nígbà míì, ó máa ń gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń kan àga lẹ́yìn ilé. Bó bá ti ṣílẹ̀kùn báyìí, ọwọ́ á ti padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkàn tó ń rẹ́rìn-ín sí pákó kò tíì yá. Ó fi ẹja kún ẹja.

Nígbà tó di oṣù kẹta, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí oúnjẹ.

"Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á," ni ìyá náà sọ fún ìyàwó. "Irọ́ ni. Ọwọ́ ni. Tìẹ ló rọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," ni ìyàwó dáhùn.

Ọjọ́ tí wọ́n padà lọ rí dókítà, kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tí wọn kò rí rí ló jókòó sí àyè rẹ̀. Ìyá náà ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀: ọmọ òun ti yá, ìyàwó ni kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí báyìí. Ó ti ọmọ rẹ̀ síwájú.

"Aláìsàn yín rè é. Ọwọ́ mi yìí ló wò ó sàn."

Ìyàwó yára na ọwọ́ sí fáìlì tó wà lórí tábìlì, àmọ́ nọ́ọ̀sì ti ṣí i.

Nọ́ọ̀sì náà wo káfíńtà, ó wo ìwé, ó tún wo káfíńtà, ó sì kà á sókè: "Opó ni wọ́n kọ síbí, ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, tó ń dá gbé, tí kì í jẹun, tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà mọ́, ohun tí ìyàwó ọmọ rẹ̀, tó ń mú ìròyìn rẹ̀ wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sì kọ sábẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí ni pé, 'Ó bú mi láti àárọ̀ di alẹ́, Dókítà, ẹ ṣeun, ìyá wa ti padà dé.'"