Ọjọ́ Orí Ìyàwó Mi Lónìí

Mo ń fẹ́ atẹ́gùn sí ògì ìyàwó mi kí ó lè tutù díẹ̀, nígbà tí fóònù tí ilé ìtọ́jú fi ń ṣọ́ ọ sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Màmá ti jí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n lónìí."

Lánàá, nínú ìrántí rẹ̀, ọmọ àádọ́ta ọdún ni. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí aago bá lù tí kò tíì jẹun, fóònù yóò ránṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú, wọn yóò sì wá gbé e lọ. Òfin ni.

Mo kan ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. "Ìyá Tẹjú, ògì rẹ rèé."

Ó yọjú. "Ta ni Ìyá Tẹjú? Èmi tí n kò tíì lọ́kọ! Ṣé ẹ fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́ ni?" Ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Ẹ pè wọ́n lórúkọ," ni fóònù wí.

Láti ọjọ́ tí a ti bí Tẹjú, ọdún méjìdínláàádọ́ta sẹ́yìn, n kò pe ìyàwó mi lórúkọ rí.

"Mopélọ́lá."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí mi. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ta ló rán yín?"

"Màmá rẹ ló ní kí n gbé e wá."

Ó gba ife ògì náà, ó wò mí. "Bàbá, ṣé ẹ níyàwó nílé?"

"Mo ní."

"Kò tọ́jú yín. Ẹ wo bọ́tìnnì yín, ẹ ti ṣì í dè."

Mo ń tún un dè, òun náà ń mu ògì. Nígbà tí aago lù, bíi ṣíbí méjì ló kù nínú ife. "Màmá ti jẹun," ni fóònù wí.