Ilẹ̀kùn Kẹta

Ilẹ̀ ti ṣú, gbogbo òṣìṣẹ́ ti lọ sílé, ó ku Ìbídùn nìkan. Ó ń tún ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti àwọn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wọn ṣe. Òfin ibẹ̀ ni pé bí èèyàn bá kọ àlàyé sí ìlà kan nínú ètò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, kó sọ ohun tí ìlà náà ń ṣe, kó sọ ìdí rẹ̀, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀. Fọlárìn, tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀, kò ka òfin kankan sí. Gbogbo ohun tó kọ kò ju èyí lọ: “Ẹ má fọwọ́ kan ìlà yìí. Òun ló ti ilẹ̀kùn kẹta.”

Ilẹ̀kùn kẹta kẹ̀? Ilẹ̀kùn méjì péré ni ọ́fíìsì náà ní. Ìbídùn pòṣé, “Àlàyé ọ̀lẹ!” Ó pa ìlà náà rẹ́ tàlàyé-tàlàyé.

Nǹkan kan dún kọ̀ nínú ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lọ́rùn. Ó tẹ Fọlárìn láago.

“Bọ̀dá Fọlárìn, ẹ káalẹ́ o. Ilẹ̀kùn kẹta wo lẹ kọ síbí? Mo ti pa á rẹ́.”

Fọlárìn figbe ta: “Dá a padà kíá. Má wẹ̀yìn o!”

Ìbídùn kọjú sí kọ̀ǹpútà. Àlàyé tuntun ti wà níbi tó pa rẹ́, ó gún régé bí òfin ṣe wí:

“Ohun tó ṣẹlẹ̀: ilẹ̀kùn kẹta ti ṣí.
Ìdí rẹ̀: Ìbídùn ló ṣí i.
Orúkọ ẹni tó kọ ọ́:”

Ọwọ́ tútù kan nà kọjá léjìká rẹ̀, ó ń wá lẹ́tà tí yóò kọ́kọ́ tẹ̀.