Ìlú Páálí Tó Kó Ikán Wọlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má tíì fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni o. Ẹ kà á dé ìparí ná, torí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn kọ́ ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń ṣe fíìmù kòkòrò ńláńlá: aáyán tó ga ju ilé lọ, eṣinṣin tó ń gbé èèyàn fò. Owó ò sí, àmọ́ àlá rẹ̀ ò lóǹkà. Fóòmù ló fi ń ṣe ara wọn. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ló ń fi aṣọ tó ṣẹ́kù rán ìyẹ́ wọn. Baba Kòkòrò ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fíìmù aáyán rẹ̀ hàn, ẹsẹ̀ kan já lára aáyán náà níbi tó ti ń lé ọlọ́pàá. Àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ó dun Baba Kòkòrò dé egungun. Ó búra pé èyí tó kàn, ẹnikẹ́ni ò ní rẹ́rìn-ín.

2.
Ọgbọ́n kan bá sọ sí i nínú. "Dípò kí n sọ kòkòrò di ńlá, ṣebí mo lè sọ ìlú di kékeré!"

Ó fi páálí àti pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kọ́ ìlú sórí tábìlì nínú yàrá, tòun ti ṣọ́ọ̀bù àti afárá. Ó lọ wa ikán nínú igbó, ó dà á sáàárín ìgboro, ó wá sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Háà! Ikán di erin. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ lójú títì, wọ́n ń jẹ òrùlé kan tẹ̀ lé òmíràn, eruku tín-ín-tín ń fò nínú ìmọ́lẹ̀ bí ohun téèyàn ń rí lójú oorun. Baba Kòkòrò a jókòó tì wọ́n títí, á gbàgbé oúnjẹ.

"Bàálé mi," ìyàwó rẹ̀ bi í, "tẹ́ ẹ bá paná tán, níbo ni ikán yìí ń sùn?"

"Níbẹ̀ náà ni. Òṣèré mi ni wọ́n."

"Ikán kì í ṣe àlejò o. Tó bá ti wọlé, onílé ló ń dà."

Ọkọ rẹ́rìn-ín, ó ní ojo ni ìyàwó òun.

3.
Oṣù ń gorí oṣù. Ọ̀nà erùpẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba ẹsẹ̀ tábìlì sọ̀ kalẹ̀, ó gun ògiri, ó wọ àjà. Ìyàwó mú ìgbálẹ̀. Ọkọ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má fọwọ́ kàn án! Wo bó ṣe lẹ́wà, bí odò."

Ó yà á sínú fíìmù. Ìyàwó gun àga, ó kan igi àjà, igi náà sì dún bí agolo òfìfo.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe ẹni tó ń pa ikán."

"Jẹ́ kí n parí ibi tó kù."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ṣé ẹ mọ "jẹ́ kí n parí" yẹn? Kì í parí.

4.
Ọ̀sán kan, ìyàwó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọkọ wà nídìí kámẹ́rà. Nǹkan ké lókè. Òrùlé ò já lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra tẹ̀, igi ń rún bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Eruku funfun gba gbogbo yàrá, oòrùn wọlé láti ibi tí kò gbà wọlé rí. Ohun tí Baba Kòkòrò ti ń wá látọjọ́ yìí gan-an nìyẹn! Ó yí kámẹ́rà sí i.

Ìgbà tí eruku rọlẹ̀ ló tó rí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ igi.

Kò kú, Ọlọ́run ò gbà. Àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́, ilé wọn sì di òkìtì. Fíìmù jáde, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ńṣe ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Baba Kòkòrò gbé e lọ bá ìyàwó rẹ̀ nílé ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó gbà á sọ́dọ̀, ó rò pé inú rẹ̀ á yọ́. Obìnrin náà wò ó dé ibi tí òrùlé ti ń wó, ó ní kó dá a padà sẹ́yìn díẹ̀, kó sì gbé ohùn rẹ̀ sókè. Igbe kan ń dún lábẹ́ ariwo igi.

"Èmi ni mò ń ké pè yín níbẹ̀ yẹn. Ṣé ẹ gbọ́ èsì tí ẹ fún mi?"

Ọkọ rẹ̀ gbọ́ ọ. Ohùn ara rẹ̀ ni, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ nídìí kámẹ́rà fún òrùlé tó ń wó pé: "Ó dára. Ó dára. Máa bọ̀."

Ó bú sẹ́kún. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a sunkún, kò sì bá a lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa lálàá, kò burú. Àmọ́ tí ará ilé yín bá ń ké, ẹ ju ohun tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá a lóhùn. Ẹ má sì fi ọwọ́ ara yín bọ́ ohun tó máa jẹ ilé yín run. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.